Ta Ni Yóò Sọ Fún Ọmọ Náà?

Ní ọdún 2021, Bẹ̀nẹ̀ wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó kọ́kọ́ gba oògùn dolutegravir tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọmọdé tó ní kòkòrò VIH, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní HIV. Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Màláwì, Ùgáńdà àti Zimbabwe ni márùn-ún yòókù. Ìyá tó bá ti fún ọmọ ní oògùn olómi àtijọ́ rí nìkan ló lè sọ bí ìtura náà ṣe pọ̀ tó. Lopinavir olómi yẹn korò bí jogbo. Ọmọ á tu ú sí ìyá lára, ìyá á tún bu òmíràn, àwọn méjèèjì á jọ máa sunkún. Ibi tútù ló sì yẹ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí, ní abúlé tí iná mànàmáná ò tíì dé. Tuntun yìí, omi díẹ̀ ló fẹ́. Ìyá á ju hóró rẹ̀ sínú ife, á rú u, á yọ́, òórùn dídùn á máa jáde lára rẹ̀, ọmọ á gbé e mu tán kó tó gbé báàgì iléèwé kọ́ èjìká.

Bí ọmọ náà bá wá pé ọdún mẹ́sàn-án, tó gbé ife kalẹ̀, tó ní, "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan lẹ máa ń fún lóògùn nílé yìí?", ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìgò oògùn.

Ìdáhùn tí àwọn òbí ń wá kiri kò lóǹkà. Ibà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló kéré. Ikọ́ fée ni. Fọ́níkú-fọ́láǹdíde ni. Oògùn ìsọ̀yè ni, kó o lè mọ̀wé. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní da ara rẹ̀ láàmú: "Gbé e mu jàre, ẹjọ́ ẹ ti pọ̀ jù." Ìyá á ti ha bébà ara ìgò dànù, á ti da hóró oògùn sínú ìgò mìíràn, á ti ki ìgò náà bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Fabienne Hejoaka, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣèwádìí láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Burkina Faso, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, rí i pé títọ́jú ọmọ àti pípa àṣírí mọ́ ti di iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Wọn ò lè ṣe ọ̀kan kí wọ́n má ṣe èkejì.

Kì í ṣe ìyá díẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn dókítà kan ní Ìbàdàn bi òbí àti alágbàtọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún léèrè, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, bóyá wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn. Mẹ́tàlá péré ló ti sọ. Ohun tí àwọn yòókù fi ń dáhùn ni pé ọmọ náà ò tíì lè lóye, àti pé ó lè lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti wo àwọn tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó kù ń mu oògùn láràárọ̀ nítorí pé àgbà ní kí wọ́n mu ún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ tirẹ̀ ní 2011: ọmọ tó bá ti tó iléèwé, láti ọdún mẹ́fà sí méjìlá, ó yẹ kí wọ́n sọ fún un pé ó ní kòkòrò náà, kí wọ́n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí òye rẹ̀ ti ń tó o, kí wọ́n sì sọ ti òbí rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láti 1999. Àwọn tó kọ ìwé Àjọ Ìlera yẹn gbé gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n wá ẹ̀rí pé sísọ ń ba ọkàn ọmọ jẹ́, ohun tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ọmọ lè sunkún, ó lè bínú, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ara á rọ̀ ọ́.

Ká wá wo ilé kan ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mi ò ní ilé ẹnì kan pàtó lọ́kàn o; ilé tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ agbègbè yẹn lè fojú inú rí ni. Ìyá àgbà kan ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìyá ọmọ ti kú sí Kútọnu, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ kó tó kú pé kó má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀. Ní ọjọ́ àdéhùn, wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ sí Pobè, tó lé ní ogójì kìlómítà, torí pé ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá tí Kétu, Pobè àti Adja-Ouèrè jọ ń lò wà, àti torí pé wọn ò ní pàdé ará àdúgbò níbẹ̀. Ìyá àgbà ò mọ̀wé. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń ka Faransé geere. Nítorí náà, òun ni ìyá àgbà ń gbé ìwé ilé ìwòsàn lé lọ́wọ́. Òun ló ń ka ọjọ́ àdéhùn tó kàn. Òun ló ń ka orúkọ oògùn, tó ń sọ pé, "Ìyá, wọ́n ní àárọ̀ kan, alẹ́ kan." Ìyá àgbà sì gbà pé àṣírí ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Ta ló ń pa àṣírí mọ́ fún ta níbẹ̀ yẹn?

Ọmọ kì í ya òpè tó bí àgbà ṣe rò. Myra Bluebond-Langner jókòó ti àwọn ọmọdé tó ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1978. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ náà pé wọ́n ń kú lọ, síbẹ̀ wọ́n mọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ojú ìyá wọn, wọ́n sì ń rí i pé ọmọ tó ń lo irú oògùn tàwọn kò padà wá mọ́. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń pa á mọ́ fún òbí wọn, kí ọkàn òbí má baà gbọgbẹ́.

Àwa Yorùbá ò ní ṣàì mọ irú eré bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé wa kì í pẹ́ kó tó dá ẹni tó wà nínú ẹ̀kú mọ̀. Ó mọ ìrìn rẹ̀, ó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ò sí lágbo láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a kì í wí, ará ọ̀run ni gbogbo wa jọ ń pè é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlú lápapọ̀ ló ń bá ọmọ ṣe ti egúngún. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jọ ń sá, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ oògùn yìí, òun nìkan ló ń dá a rò lórí ẹní. Ó sì máa ń rò ó kọjá bó ṣe rí, torí pé ohun tí àgbà ò lè la ẹnu sọ, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò bá ṣe ikú?

Iye àgbàlagbà tó ní kòkòrò yìí ní Bẹ̀nẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Zimbabwe, ó tó nǹkan bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ ká dúpẹ́, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ kan ṣoṣo. Ní ibi tí àrùn náà ti pọ̀, ọmọ á rí ẹlòmíràn ní kíláàsì rẹ̀, á rí ẹ̀gbọ́n tó ń lo oògùn kan náà tó sì ti ṣègbéyàwó. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìdígny tàbí Ilikimu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni. Kò rí àwòkọ́ṣe. Ohun tó mọ̀ nípa sídà, ìyẹn éèdì, kò ju pátákó ìkìlọ̀ àti àròsọ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì lọ.

Ẹ̀rù tí ń ba ìyá kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Aboyún ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, nítorí náà obìnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ mọ̀ ni àwọn ará ilé yóò ní òun ló gbé e wọlé. Obìnrin mìíràn ń lo oògùn tirẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ọkọ rẹ̀ ò gbọ́. Bó bá sọ fún ọmọ, ọmọ lè ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ níwájú bàbá. Ó tún lè jẹ́ ilé olórogún, tí ọmọ mẹ́jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, tó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè wọ yàrá láràárọ̀. Àwọn mẹ́jọ yìí lójú. Orogún ìyá náà lójú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ẹnu orogún ló ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìjà, láàárín ọ̀gbà, tí gbogbo èèyàn ń wòran. Kò sí ọ̀nà tó burú tó ìyẹn tí èèyàn fi lè mọ ohun tó ń ṣe é.

Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ní eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá, UNESCO sì kà á mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2001. Lóru Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré náà, kò sí ẹni tí akọrin ò lè fi orin kàn, bó jẹ́ olóyè, bó jẹ́ olè, bó jẹ́ obìnrin tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ ilé ẹni lè di orin kì í ṣe àsọdùn nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ìyá gan-an ni wọ́n ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún. Ìlú tó ń fi odidi òru tu àwọn ìyá lójú kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ìyá kan ti ń gbọ̀n nítorí pé ó fẹ́ sọ òtítọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Wọ́n á ní ká kọ́ ọmọ. Ọmọ kọ́ ni ìṣòro. Àgbà ni yóò la ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò sí bí ìyá ṣe lè sọ fún ọmọ pé ó ní kòkòrò kan láti inú oyún kó má sọ pé òun náà ní in. Gbogbo ohun tó ti bò mọ́lẹ̀ ló ń jáde pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó fẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn, ikú bàbá ọmọ tí wọ́n ní oró ejò ni. Ẹ̀bi ń jẹ ẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a gbé ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un". Ìbéèrè ló máa ń bi ìyá àgbà wa yẹn: "Ìyá, kí lẹ rò pé ọmọ yìí ti mọ̀? Kí ló ti bi yín rí? Bó bá gbọ́, kí lẹ̀rù ń bà yín pé yóò ṣe?" Á jẹ́ kó sọ ti ọmọ rẹ̀ tó kú. Á jẹ́ kó sọ ti ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń fọwọ́ gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣeé sọ fún ìyá àgbà pé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ọmọ kékeré ló ń wò. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lónìí yóò di géńdé láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, agbaninímọ̀ràn á ṣe bí ọmọ, á bi í ní ìbéèrè tó le jù, ìyá àgbà á wá èsì, á kọsẹ̀, á tún un sọ. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Inú mi kì í dùn sí àwọn tó ń kánjú ibẹ̀ yẹn.

Ní ti ọmọ, kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n ń sọ ọ́. Namibia ní ìwé àwòrán kan tí ilé iṣẹ́ ìlera wọn ń lò, *Why I Take My Medicine* lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera, òbí àti ọmọ ló jọ ń ṣí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí orúkọ àrùn kankan níbẹ̀. Ṣọ́jà ló wà nínú ara, àwọn ló ń lé àìsàn. Nígbà tí ọmọ bá tún padà wá, wọ́n á ṣí iwájú díẹ̀: nǹkan búburú kan wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń bá ṣọ́jà jà. Oògùn rẹ ló ń mú un sùn. Bí o bá gbàgbé oògùn, ó ń jí. Wọ́n á ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, wọn ò sì ní ṣí ewé tó kàn àfi bó bá yé e. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n dé sínú ìwé rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tí yóò bá a pàdé lóṣù tó ń bọ̀ má baà fò ó tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ewé ìgbẹ̀yìn ni orúkọ náà ti jáde. Nígbà yẹn, orúkọ nìkan ló kù kí wọ́n sọ, torí ọmọ ti mọ kókó ọ̀rọ̀.

Èyí ṣeé ṣe lédè wa láìsí ìwé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rin, "oògùn yìí ló ń jẹ́ kára ẹ le" tó fún un, òtítọ́ sì ni. Ọmọ ọdún méje lè gbọ́ pé kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun tí ojú ò lè rí, pé oògùn ló dè é mọ́lẹ̀. Kí ó tó di ọmọ ọdún méjìlá, kó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò yẹ kó wáyé ni irọ́ tí òtítọ́ yóò wá bá lọ́nà. Bí ẹ bá ti sọ pé fọ́níkú-fọ́láǹdíde ni, ọjọ́ tí ẹ bá sọ òótọ́, ìròyìn méjì lẹ sọ fún un pa pọ̀: pé ó ní kòkòrò, àti pé ẹ ti ń parọ́ fún un láti ọjọ́ yìí. Ìkejì ló máa ń pẹ́ lọ́kàn ọmọ jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, kó jẹ́ ọjọ́ tí ara ọmọ yá, tí kò sí ìdánwò, tí kò sí àlejò nílé. Kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù ni yóò sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera lè jókòó tì í. Kó ṣe ṣókí. Kí ẹ sọ ọ́ tán, kí ẹ dákẹ́. Àwọn àgbà wa a máa fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú kún gbogbo àlàfo, àdúrà, ìkìlọ̀, òwe, títí ọmọ ò fi ní rí àyè mí. Ẹ jẹ́ kó bi yín. Ìbéèrè mélòó kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò dé. Ṣé mo máa kú? Rárá o, bí o bá ń lo oògùn rẹ, wàá dàgbà, wàá darúgbó. Ta ló kó o ràn mí? Inú oyún ni, tàbí nígbà ìbí, tàbí nínú ọmú. Èmi ìyá rẹ ò mọ̀ pé mo ní in, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti lo oògùn. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn: láìsí oògùn, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá tó ní kòkòrò yìí bí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí márùndínláàádọ́ta ló lè kó o, bí ìyá bá ń lo oògùn dáadáa, wọn kì í tó márùn-ún. Ta ló tún mọ̀? Ẹ dárúkọ wọn fún un, kí ẹ má fi ẹnì kankan pamọ́. Kì í ṣe ìgbà yẹn ni kí ìyá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ bàbá sílẹ̀. Bí ìyá bá ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò, kó ro ó fún agbaninímọ̀ràn.

Lẹ́yìn náà, ọmọ nílò ẹni tó lè bá sọ ọ́. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni láyé" ni àwọn òbí sábà máa ń fi parí ọ̀rọ̀, wọ́n á sì ní kó búra. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún gbé ọmọ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, òun nìkan lórí ẹní. Ẹ fún un ní orúkọ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta: ìyá àgbà, nọ́ọ̀sì báyìí-báyìí, ẹ̀gbọ́n kan tó ṣeé fọkàn tán. Ìlú ò pọn dandan kó gbọ́. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006 lórí VIH náà fi dandan lé e pé òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn. Àṣírí ọmọ náà ni, kì í ṣe ẹ̀sùn rẹ̀. Bó bá dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan ẹni tí yóò gbọ́.

Bí ẹ bá fà á títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Ó ti mọ̀. Dolutegravir wà nínú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ló kù, Google á dá a lóhùn kó tó ṣẹ́jú. Tàbí kó jẹ́ kíláàsì ni yóò ti mọ̀. Ní kọlẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kọ́ SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀, á dé orí sídà. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí ojú pátákó bí èèyàn ṣe ń kó o: ìbálòpọ̀, abẹ, ìyá sí ọmọ. Á sọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tí wọn kì í dá dúró láéláé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín ìbálòpọ̀. Òun á máa ṣírò: ojoojúmọ́, láéláé, ìyá mi tó kú. Kó tó di pé agogo lù, ó ti mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè wò lójú nínú iyàrá yẹn. Nígbà tó bá dé ilé, òun náà ò ní sọ. Ọ̀pọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí da oògùn sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé, torí pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti lè bínú láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́.

Ìfẹ́ náà sì ń bọ̀. Èèyàn ò lè ní kí ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún lo kọ́ńdọ̀mù nítorí ohun tí wọn ò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀, ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dù ú: ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n. Ó lè gbéyàwó, ó lè bímọ tí ara wọn mọ́ pátápátá. Mo ti rí àgbàlagbà tí kò mọ èyí rárá, tó jẹ́ pé ìdí tí kò fi fẹ́ sọ fún ọmọ ni pé ó rò pé òun ń sọ fún un pé kò ní ní ilé tirẹ̀ láé.

Ẹni tó lè sọ irú nǹkan báyìí kó wọ ọ̀dọ́ létí jù ni ọ̀dọ́ mìíràn tó ti la ibẹ̀ kọjá. Ní Zimbabwe, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Zvandiri, tí Nicola Willis dá sílẹ̀ ní 2004, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ní kòkòrò náà kí wọ́n lè máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé, kí wọ́n bá wọn rántí oògùn, kí wọ́n jókòó tì wọ́n nígbà tí òbí bá ń sọ̀rọ̀. Ìjọba Zimbabwe ti gbà á wọlé sínú iṣẹ́ ìlera wọn, orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti ń kọ́ ọ lára wọn. Ní Bẹ̀nẹ̀, RéBAP+, tí í ṣe àkójọ àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò náà, ti wà nílẹ̀. Ohun tí agbègbè bíi Kétu fẹ́ kò pọ̀: ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń sọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tibẹ̀, tí wọ́n ní owó ọkọ̀, tí wọ́n lè dé Adakplamè àti Kpankou. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé bí owó bá tán. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé wà lára àwọn tí iṣẹ́ kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Oògùn rọrùn láti kà; wọ́n á ní ìgò tó báyìí ló jáde. Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìwé ìṣirò wo ni yóò wọ̀?

Nǹkan kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n lè gbà pé ká máa dúró dìgbà tí ọmọ bá "dàgbà". Àwọn ọmọ Kétu kì í pẹ́ nílé. Ẹni tó bá parí iléèwé, tàbí tí kò parí rẹ̀, á lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, á lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kútọnu, á gba ọ̀nà Ìlárà tàbí Ìmẹ̀kọ wọ Nàìjíríà, á dé Abẹ́òkúta, á dé Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò máa gbé lọ́dọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò ju hóró oògùn sínú ife fún un mọ́. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á béèrè ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀, á gba ìwé tí yóò gbé dání kúrò ní Pobè, á mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, á wá ibi tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó lójú ara rẹ̀. Á fi ìgò náà sílẹ̀ sínú àpótí ìyá àgbà, á gbé báàgì rẹ̀ sórí zémidjan, á sì máa lọ.